Orúkọ Tí Fìlà Kò Mọ̀

Nígbà tí Ìbídùnní tún ya orí ẹja sọ́tọ̀ ní orí kọkànlá ìwé kejì, gbogbo gbọ̀ngàn ilé-gíga kẹsàn-án pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bí ẹni pé ẹnu ọmọ wọn ló ti já ẹja náà gbà.

"Ó tún ti ṣe é!" Bàbá Ṣọ́títán bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó jù ú lu ògiri ìwé, níbi tí ìtàn náà ti ń hàn bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Bàtà náà ba gbólóhùn tó wà láàárín ògiri, gbólóhùn náà sì là gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń là tí nǹkan bá kàn án. Gbogbo wọn wá rí Ìbídùnní fúnra rẹ̀: obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, tó gbé àwo ọbẹ̀ lé itan, tó fi ìka méjì mú orí ẹja kúrò nínú ọbẹ̀, tó rọra gbé e sínú abọ́ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nídìí abọ́ náà. Àwọn oyin Ilé-Ìtàn, àwọn ẹ̀rọ tíntìntín tí kì í ta èèyàn, ń kùn yí orí rẹ̀ ká, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń gbọ́ ọ, wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tó ń kọ ọ́ síwèé. Gbóyèga sì wà níwájú rẹ̀ lórí ìdúró, arẹwà ọkùnrin, awakọ̀ òfúrufú, tó gbé òdòdó wá. Ó ti rẹ ọkùnrin náà. Òdòdó náà pàápàá ti ń rọ.

"'Mo gbọ́,'" ni obìnrin kan fi Ìbídùnní ṣe yẹ̀yẹ́ láti ẹ̀yìn. "Ohun tó máa sọ náà nìyẹn. Ọkùnrin á ní òun ń kú lọ nítorí rẹ, ìwọ á ní o gbọ́. Ta ló ń ka irú ìwé báyìí?"

Lójú ògiri, Ìbídùnní gbójú sókè wo Gbóyèga. "Mo gbọ́," ló wí.

Ariwo tún sọ.

Ìyáàfin Mọ́radékẹ́ nìkan ni kò pariwo. Òun ni Ìyá Ìwé ilé-gíga náà, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí òrùka òǹkàwé rẹ̀ wúwo ju ti gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn lọ nígbà ìbò. Ó jókòó síwájú, ó di ọwọ́ pọ̀ sórí itan, ó ń wo Ìbídùnní bí a ti ń wo ọmọ tó mọ ìdáhùn ìbéèrè tó kọ̀ tí kò dáhùn. Inú ń bí i débi pé eyín ń dùn ún.

Ìwé kìíní dùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé kò dùn. Ìbídùnní gun pákó dé Ìlú Orí-Omi, láti ìlú kan tí òkun ti gbé mì, kò nílé, kò ní àyè. Ẹni tí kò bá sì ní àyè nílùú yẹn, àfi kó fi ayé ara rẹ̀ ṣe ìtàn kí wọ́n tó fún un ní yàrá. Ó gbà. Kò tíì pẹ́ tó dé tó fi da omi ìfọṣọ sí Adéòtí lórí, omùwẹ̀ tó ń tún ògiri òkun ṣe, ọkùnrin dúdú tí eyín rẹ̀ máa ń tàn bó bá ti lanu. Kò tọrọ àforíjì. Ó ní kí ló gbé orí rẹ̀ wá síbi tí òun ń da omi sí. Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí àwọn méjèèjì ṣègbéyàwó, àwọn èèyàn tí kò mọ̀ wọ́n rí fi orúkọ wọn sọ ọmọ.

Òfin ní kí oyin kúrò lọ́dọ̀ ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé fún oṣù mẹ́ta. Oṣù ìdákẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ohun tí tọkọtaya náà bá sọ nínú oṣù wọ̀nyẹn, tiwọn ni. Nígbà tí ó parí, Ilé-Ìtàn bi àwọn òǹkàwé ní ìbéèrè kan kí ìwé kejì tó bẹ̀rẹ̀: ṣé kí wọ́n bímọ ni, àbí kí omi gbé ọkọ lọ? Ọmọ bíbí kì í dùn ún kà. Gbogbo ìyá tó wà nínú gbọ̀ngàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n yí òrùka wọn, wọ́n dìbò fún omi, ẹnubodè omi sì ṣí nígbà tí Adéòtí wà nísàlẹ̀ ògiri òkun. Háà, ẹkún ọjọ́ náà! Ẹkún aládùn ni, èyí tí èèyàn máa ń sun tán tí ara á fúyẹ́. Mọ́radékẹ́ náà yí òrùka tirẹ̀, ó sunkún tirẹ̀, ó sì lọ gbé ọbẹ̀ kaná.

Ohun tí wọ́n ń retí lẹ́yìn náà kò ju ohun tí òǹkàwé máa ń retí lọ. Kí ọmọbìnrin tó da omi sí ọkùnrin lórí dìde. Kó sán ìró mọ́dìí, kó bá Ilé-Ìtàn jà díẹ̀, kó rí ọkùnrin tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, kó kọ̀ ọ́, kó tún gbà. Àmọ́ ní orí kejì, Ìbídùnní jókòó. Ní orí kẹta, ó fọ ẹ̀wù òkú, ó sá a, ó ká a, ó jókòó. Wọ́n rán oníṣòwò sí i, wọ́n rán olórin sí i, wọ́n rán Gbóyèga tí àwọn obìnrin ilé-gíga ń fojú jẹ. Ó ní òun gbọ́.

"Mo fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ-ọmọ mi!" ni Bàbá Ṣọ́títán ń ké, ó ń wá bàtà rẹ̀ kiri. "Orúkọ tó ti dọ̀lẹ báyìí, kí ni kí n pe ọmọ náà?"

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran," ni Mọ́radékẹ́ wí. "Èyí ti mọ̀ọ́mọ̀ di ojú ni."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Òótọ́ ni. Wọ́n sì ti gbìyànjú tiwọn. Ní orí keje ni wọ́n ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn, tí Ilé-Ìtàn sì dé fìlà fún un. Fìlà náà kì í ṣe nǹkan ńlá, ó rí bí abetí-ajá lásán. Ṣùgbọ́n bí a bá dé e fún èèyàn tí a pe orúkọ kan sí i, yóò tọ orúkọ náà wọnú orí lọ, yóò kó gbogbo ohun tó bá bá nídìí rẹ̀, yóò sì pa ilẹ̀kùn dé. Wọ́n pe Adéòtí. Lọ́jọ́ kejì wọ́n bi í pé ta ni Adéòtí, ó rò ó títí, ó ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Omi ìfọṣọ, ìpàdé abẹ́ afárá, gbogbo ìwé kìíní tí wọ́n fẹ́ràn bí ojú ló kúrò lórí ẹni tó ṣe é. Kò ká wọn lára. Àwọn ṣáà ní tiwọn lórí ògiri.

Síbẹ̀ orí ẹja kò yé bọ́ sínú abọ́ kékeré.

"Fìlà yẹn kò ṣiṣẹ́," ni wọ́n ń wí káàkiri gbọ̀ngàn. "Fìlà ti gbó. Ẹ jẹ́ ká ní kí wọ́n pa ìwé yìí tì, kí wọ́n dá obìnrin náà padà sórí pákó rẹ̀."

Mọ́radékẹ́ dìde, ó lọ bá ògiri. Ó fi ìka kan gbólóhùn orí ẹja. Ojú Ìbídùnní sún mọ́ ọn, ó tóbi, ó kún gbogbo ògiri. Bí obìnrin náà ṣe gbé orí ẹja sílẹ̀ ni ètè rẹ̀ mì. Ètè náà fẹ̀ díẹ̀, ó ká jọ, ó tún ká jọ, ó sì pa dé. Kò sí ohùn níbẹ̀, nítorí náà oyin kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ̀rọ kò sì kọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Mọ́radékẹ́ rí i, ó sì mọ̀ ọ́n, nítorí ẹnu tirẹ̀ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Kí lẹ rí, Ìyá Ìwé?" ni Bàbá Ṣọ́títán béèrè.

"Mo máa lọ bá wọn ní Ilé-Ìtàn lọ́la," ló wí. Ó gbé àpò rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé.

Ìrẹsì ló sè fún Alàgbà ọkọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó bu ti ọkọ lọ fún un ní pálọ̀, níbi tó ti ń ka ìwé lórí ògiri tiwọn. Nígbà tó padà sí kíṣìnì, ó fi ṣíbí ha ìrẹsì tó jó mọ́ ìdí ìkòkò, ó dà á sínú abọ́ kékeré kan tí etí rẹ̀ ti ya. Ó gbé e síwájú fèrèsé. Ètè rẹ̀ mì láìsí ohùn: Eyínfúnjowó, tìrẹ rèé. Lẹ́yìn náà ló mú un, tó jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀, tó ń run ún wọ̀mùwọ̀mù.

Akínlàjà ló ń jẹ́, ọkọ àárọ̀ rẹ̀, kí Alàgbà tó fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Mọ́radékẹ́ ti wọlé rẹ̀ ni kò ti pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyàwó wo ló ń pe ọkọ lórúkọ? Kò tíì bímọ tí yóò fi pè é, nítorí náà ló ṣe fún un ní orúkọ àdàpè, bí ìyá rẹ̀ ti ṣe, bí ìyá ìyá rẹ̀ ti ṣe. Kò sì wá orúkọ náà lọ jìnnà. Gbogbo agboolé ló ní Ìbàdíàrán tirẹ̀, gbogbo agboolé ló ní Adúmáadán tirẹ̀, ọkùnrin tí eyín rẹ̀ bá sì ti funfun, Eyínfúnjowó ni ìyàwó ilé yóò máa pè é. Ìlú tí Ìbídùnní ti wá, bóyá wọ́n ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù ìdákẹ́ ló ti sọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ, nígbà tí oyin kò sí níbẹ̀. Adéòtí tí fìlà kó lọ, ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ìbá pa Mọ́radékẹ́ lẹ́rìn-ín bí kì í bá ṣe pé inú bí i.

Ibà ló pa Akínlàjà. Opó kì í gbé ilé-gíga kọjá oṣù kan. Òfin nìyẹn, ó sì ṣì wà. Àwọn ẹbí ní kó nu ojú nù, ọkùnrin kan ti wà nílẹ̀ tó ní àyè, ọmọ ìjọ dáadáa. Ó nu ojú nù. Kò sí ẹni tó bi í bóyá ó ti sunkún tán. Ó bímọ fún Alàgbà, ó di ọ̀gá ilé-ìwé, ó di Ìyá Ìwé, ó sì ń jẹ ìdí ìkòkò ní kọ̀rọ̀. Ta wá ni Ìbídùnní, ọmọ orí pákó, tí yóò fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní gbangba, tí gbogbo ìlú yóò máa wo ìbànújẹ́ rẹ̀, tí awakọ̀ òfúrufú yóò máa gbé òdòdó dúró dè é? Ìlara ni. Mọ́radékẹ́ mọ̀ pé ìlara ni, kò sì tijú rẹ̀.

"Ìyá Bọ́sẹ̀," ni Alàgbà pè láti pálọ̀, "kí lò ń jẹ ní kíṣìnì?"

"Ìdí ìkòkò ni, Alàgbà."

"Eyín rẹ á kán lọ́jọ́ kan."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Fèyíṣayọ̀ ló gbà á lálejò ní Ilé-Ìtàn. Ọmọbìnrin náà ló ń dé fìlà fún àwọn ẹni-ìtàn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, Ìyá Ìwé. Wọ́n ní ẹ ti mọ ohun tó ń ṣe é."

"Orúkọ tí ẹ pè sí i kọ́ ló fi ń pe ọkọ rẹ̀. Orúkọ àdàpè ló ń pè é."

"Èwo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, mà? Èmi, orúkọ tí wọ́n sọ ọkọ mi ni mò ń pè é. Òun náà ń pe tèmi."

"Mo rò bẹ́ẹ̀," ni Mọ́radékẹ́ wí, ó sì pòṣé.

Ó ṣàlàyé fún un. Fèyíṣayọ̀ gbọ́ tán, ó mi orí, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí ojú ihò tí omi ń gbà wọlé. "Ó yé mi, mà. Òfin ní ẹni tó bá mú orúkọ wá ni yóò pè é. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fojú kàn án. Orí kejìlá ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti wọlé. Ẹ ti wà nínú ìwé." Ó na ìka sókè. Oyin mẹ́ta ń kùn lórí gèlè Mọ́radékẹ́.

Wọ́n mú Ìbídùnní wọlé. Lójúkojú, ó kéré ju bó ti rí lórí ògiri lọ, ó sì ti gbẹ. Ó kúnlẹ̀ kí àgbà, ó dìde, ó jókòó sórí àga tí wọ́n fi hàn án.

"Ìwọ lo kò fẹ́ dìde," ni Mọ́radékẹ́ wí.

"Mo dìde báyìí, mà. Àwọn ni wọ́n ní kí n jókòó."

"Má bá mi ṣeré. Kí ló ṣe Gbóyèga? Ṣé kò dára tó ni?"

"Ó dára gan-an, mà. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, mo yọ̀ǹda rẹ̀ fún yín."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu Mọ́radékẹ́. Ohùn yìí gan-an ni! Ọmọbìnrin ìwé kìíní kò tíì kú, ẹni tó da omi sí ọkùnrin lórí wà lórí àga níbẹ̀ yẹn, ó kàn ń fi ara rẹ̀ pamọ́ fún wọn láti orí dé orí. Inú tó ti fẹ́ rọ̀ tún le padà. Ó ṣe é bí ẹni pé olè ni wọ́n mú.

"Ta lò ń ya orí ẹja sọ́tọ̀ fún?"

Ojú Ìbídùnní yí padà. "Mi ò mọ̀, mà. Ọwọ́ mi ló ń ṣe é."

"Irọ́ lò ń pa. O ń pè é." Láìmọ̀, ètè Mọ́radékẹ́ gbé orúkọ náà, ó fẹ̀, ó ká jọ, ó tún ká jọ.

Ìbídùnní wo ẹnu rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètè sọ̀rọ̀ láìsí ohùn, bó ti kọ́ láti máa bá òkú sọ̀rọ̀ lábẹ́ etí oyin. Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kó lè yé àgbàlagbà: Ẹ̀yin náà ní tiyín.

Mọ́radékẹ́ pa ètè rẹ̀ dé.

Ẹ jọ̀ọ́, mà, ni ètè náà tún wí. Oṣù mẹ́ta yẹn nìkan ló kù lórí mi. Wọ́n ti kó ìyókù. Ẹ má pè é fún wọn.

Ó rọrùn láti ṣe. Kó kàn dìde, kó ní òun ṣi orúkọ náà mọ̀, kó lọ sílé rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò gbá a létí. Mọ́radékẹ́ tiẹ̀ ti fọwọ́ ti àga láti dìde. Ìgbà náà ló rántí ọjọ́ tí wọ́n wá kó ẹ̀wù Akínlàjà kúrò nílé, tí ìyá ọkọ rẹ̀ dúró tì í tó ń ka ẹ̀wù náà jáde, tó ní kó má fi imú kan ọ̀kankan. Wọn kò fún òun lóṣù mẹ́ta. Wọn kò fún òun ní ẹ̀wù kan ṣoṣo láti fọ̀. Ó tún jókòó.

"Ẹ gbé fìlà wá," ló wí.

Fìlà méjì ni Fèyíṣayọ̀ gbé wá, okùn dúdú kan ló so wọ́n pọ̀. Ó dé ọ̀kan fún Ìbídùnní. Ó mú èkejì dání. "Ìyá Ìwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi dáadáa. Orúkọ ni fìlà yìí mọ̀, kò mọ orí tó ni ẹjọ́. Bí ẹ bá ní ẹnikẹ́ni tí ẹ̀yin náà ń pè bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún mi, màá fagi lé gbogbo rẹ̀ ni."

Oyin kùn sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ. Bàbá Ṣọ́títán wà nínú gbọ̀ngàn, ó ń kà á. Alàgbà wà ní pálọ̀, ó ń kà á. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ilé-gíga ni yóò mọ̀ pé Ìyá Ìwé tó ń sọ pé bí a bá ń sunkún a máa ń ríran, òkú ló ti ń fún lóúnjẹ nínú kíṣìnì ọkọ mìíràn láti ìgbà èwe rẹ̀. Wọn yóò rẹ́rìn-ín. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Òun ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ara rẹ̀ sì dá a lójú. Ọkọ tirẹ̀ ní orúkọ. Akínlàjà, Akínlàjà, yóò di èyí mú ṣinṣin nínú ọkàn, fìlà yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ta ni yóò ronú pé obìnrin tó gbọ́n tó báyìí yóò gbàgbé pé kò pe Akínlàjà rí lẹ́yìn ìgbéyàwó, pé orúkọ náà wà lórí rẹ̀ bí àpótí òfìfo?

"Mi ò ní ẹnì kankan," ni Mọ́radékẹ́ wí. "Èmi kì í ṣe ọmọdé."

Fèyíṣayọ̀ dé fìlà fún un. Ó gbóná díẹ̀. Ìbídùnní ti ń sunkún, kò tún fi ètè sọ̀rọ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ ló fi ń bẹ̀bẹ̀ báyìí, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́ mà," tí oyin ń gbọ́, tí ẹ̀rọ ń kọ, tí gbogbo ìlú sì ń gbádùn rẹ̀, nítorí èyí ni ojú-ìwé àkọ́kọ́ tó dùn láti orí kejì wá.

Mọ́radékẹ́ lanu, ó sì pe orúkọ náà sókè ketekete, orúkọ tí kò tíì fi ohùn pè láti ọjọ́ ìsìnkú. "Eyínfúnjowó!"

Okùn dúdú náà mì díẹ̀. Ìyẹn nìkan ni.

Ẹkún Ìbídùnní dá dúró láàárín ọ̀rọ̀. Ó wo yíká yàrá náà. Ó nu ojú rẹ̀, ó wo omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ohun tí ẹlòmíràn ta sí i lára. "Ẹ káàárọ̀ mà," ló wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àgbàlagbà obìnrin tó wà níwájú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí Gbóyèga? Ebi ń pa mí." Ó tún wò ó. "Mà, ẹ̀ ń sunkún."

Mọ́radékẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó tutù. Kò mọ ohun tó fà á.

"Ayọ̀ ni," ni Fèyíṣayọ̀ wí, ó sì bọ́ fìlà náà fún un.

Wọ́n gbé e lọ́wọ́ sókè nínú gbọ̀ngàn nígbà tó padà dé. Bàbá Ṣọ́títán wọ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó ń jó. Lójú ògiri, Ìbídùnní àti Gbóyèga ń jẹun lórí afárá, Ìbídùnní sì gbé orí ẹja fúnra rẹ̀, ó ń fa ojú rẹ̀ mu, ó ń rẹ́rìn-ín, òróró ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó ju egungun sómi. Gbogbo òrùka inú gbọ̀ngàn gbóná lẹ́ẹ̀kan náà. Mọ́radékẹ́ yí tirẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ìwé náà ti padà dùn, ó sì dùn mọ́ ọn, àmọ́ àárẹ̀ kan bá a tí kò mọ ibi tó ti wá, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ sílé.

Oyin kan tẹ̀ lé e. Orí kejìlá kò tíì parí.

Ó se ìrẹsì. Ó bu ti Alàgbà lọ fún un. Ó padà sí kíṣìnì, ó mú ṣíbí, ó ha ìrẹsì tó jó mọ́ ìdí ìkòkò, ó dà á sínú abọ́ kékeré tí etí rẹ̀ ti ya, ó gbé e síwájú fèrèsé. Ètè rẹ̀ là, kò sì rí nǹkan kan pè.

Ó dúró. Ó wo abọ́ náà. Abọ́ èèyàn ni. Ẹnì kan wà tó fẹ́ràn ohun tó bá jó, ẹni tí wọ́n máa ń ha ìdí ìkòkò fún, bí ìkòkò kò bá tiẹ̀ jó, wọn á jẹ́ kó jó díẹ̀ nítorí rẹ̀. Ta ni? Kì í ṣe Alàgbà; eyín Alàgbà kò gbà á. Kì í ṣe Bọ́sẹ̀. Ó ka gbogbo ẹbí rẹ̀ láti orí dé ìsàlẹ̀, ó ka òkú, ó ka alààyè, ó tilẹ̀ kan ẹnì kan tó ń jẹ́ Akínlàjà, tí wọ́n sọ fún un pé ó fẹ́ ẹ nígbà kan, ó sì ré e kọjá bí a ti ń ré ará àdúgbò kọjá. Oúnjẹ náà ń tutù. Ó fa àpótí ìjókòó sún mọ́ fèrèsé, ó jókòó tì í, bóyá ẹni tó ni ín yóò wá.

Ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Láti òkè, láti inú gbọ̀ngàn, ariwo bẹ̀rẹ̀, ó kọ́kọ́ kéré, ó sì ń pọ̀ sí i. Nǹkan kan tó dún bí bàtà lu ògiri.

"Ìyá Bọ́sẹ̀," ni Alàgbà pè láti pálọ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ògiri ìwé, "wọ́n ní kí o dìde nídìí abọ́ yẹn. Wọ́n ní ò ń fa ìtàn sẹ́yìn."

Mọ́radékẹ́ kò yí orí padà.

"Mo gbọ́," ló wí.